Orúkọ Ta Ló Wà Nínú Ìwé? Àkọsílẹ̀ Ọjà Kan Tí Wọ́n Fẹ́ Sọ Di Plásà ní Abẹ́òkúta

Àárín Abẹ́òkúta ni ọjà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn tó dá sí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe Kútọ̀, kì í sì í ṣe Ìtọ́kú. Oníláfún àti ẹlẹ́lùbọ́ wà lápá kan, aláta àti oníṣu lápá kejì, àwọn télọ̀ àti oníbàtà sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ láyé ọjọ́un, tí páànù orí wọn ti dípẹtà. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á dé kókósẹ̀. Wáyà iná kọjá lórí àtẹ àwọn èèyàn bí okùn ìsáṣọ. Kò sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n fi ọjà náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la gbà pé ó nílò àtúnṣe.

Ilé-iṣẹ́ akọ́lé kan ló wá bá ìjọba. Wọ́n ní àwọn á wó ọjà náà, àwọn á kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta síbẹ̀, owó àwọn làwọn á fi kọ́ ọ, ìjọba kò ní ná kọ́bọ̀. Àwọn á sì máa gba owó ṣọ́ọ̀bù fún ọdún 25, lẹ́yìn náà ilé á padà di ti ìlú. Láàárín ìgbà yẹn, wọ́n á san owó kan sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún, iye kan náà láti ọdún kìíní dé ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Fún àwọn tó ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé: àwọn tí orúkọ wọn wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló máa kọ́kọ́ láǹfààní láti gba ṣọ́ọ̀bù tuntun. Iye tí wọ́n máa gbà á kò sí níbẹ̀.

Lórí rédíò, ọ̀rọ̀ náà dùn. Ìlú á lẹ́wà, ọ̀dọ́ á ríṣẹ́, ìjọba kò ní jẹ gbèsè.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa díye lé ilẹ̀ àti ilé. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà ló pè mí pé kí n wá bá àwọn ka ìwé àdéhùn yìí, kí n sọ fáwọn bóyá ará ìlú á jèrè nínú ẹ̀ tàbí wọ́n fẹ́ gbé ọjà ìlú lé ẹnì kan lọ́wọ́ ni. Ohun tí mo kọ́kọ́ béèrè ni pé èló ni títún ọjà náà ṣe á ná ìjọba ìbílẹ̀ fúnra wọn: páànù tuntun, gọ́tà, iná tó dára, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kóńkéré sí àárín ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ṣe ìṣirò yẹn rí. Orí àbá kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń jiyàn, bóyá kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́. Títí dòní mo gbà pé ibẹ̀ ni àléébù àkọ́kọ́ wà, torí èèyàn kò lè sọ pé àdéhùn kan ṣe ìlú láǹfààní tí kò bá mọ ohun tí ìlú lè ṣe láìsí i.

Lọ́yà ẹgbẹ́ fẹ́ ká gba ilé ẹjọ́ lọ. Ọ̀nà yẹn kò rọrùn bí àwọn èèyàn ṣe rò. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà pé kó bá gbogbo ará ìlú dì í mú. Ó gbà á láyè kó gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn fún ìlò ará ìlú, kó sì san owó gbà-máà-bínú. Àmọ́ abala 29 òfin náà sọ ohun tí wọ́n ń sanwó lé lórí: ilé, ohun tí wọ́n kọ́ mọ́ ilẹ̀, irè oko. Obìnrin tó ń san owó oṣù fún ìjọba ìbílẹ̀ lórí ṣọ́ọ̀bù tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ kò ní ilé kankan níbẹ̀. Oníbàárà tó ti ń wá bá a láti ogún ọdún kò sí nínú ohun tí òfin ń kà. Abala 47 tún ní kí ilé ẹjọ́ má ṣe wádìí bóyá owó gbà-máà-bínú tó tàbí kò tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abala 44 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí wọ́n tètè san án, kí ẹni tọ́rọ̀ kàn sì láǹfààní láti lọ sí ilé ẹjọ́. Lóòótọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ní ọdún 1991 pé bí ìjọba bá gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan nítorí ohun tí kò sí nínú òfin, gbígbà yẹn kò múlẹ̀, kódà bí wọ́n bá fi orúkọ ará ìlú bò ó. Lọ́yà fẹ́ gun ẹṣin yẹn. Àmọ́ òun náà mọ̀ pé ẹjọ́ á pẹ́, katapílà kì í sì í dúró de ìdájọ́. A fi ilé ẹjọ́ sápá kan, gẹ́gẹ́ bí ohun tí a lè dárúkọ ṣùgbọ́n tí a kò ní sáré lọ.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní kí gbogbo obìnrin ọjà tú jáde, kí wọ́n forí lé Aké. Ní Abẹ́òkúta, kì í ṣe àsọdùn nìyẹn. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ló gbógun ti owó orí àwọn obìnrin títí tí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní ọdún 1949, ìyá àwọn ìyá tó jókòó níbẹ̀ sì wà nínú ẹ̀. Ìyálọ́jà ló dá wọn lẹ́kun. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá a fẹ́ béèrè. Tí wọ́n bá bi wá ní ẹnu ọ̀nà ààfin, kí la fẹ́ sọ?”

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ìṣirò. Mo sọ ọ́ fún wọn ní ìpàdé ọjọ́ Sátidé, lórí pátákó dúdú tí wọ́n yá ní ilé ìwé. Iye tí mo lò kì í ṣe ti ọjà náà gan-an, àpẹẹrẹ lásán ni. Ká ní ilé kan á níye lórí tó ₦100 mílíọ̀nù lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a padà lẹ́yìn ọdún 25. Ẹni tó bá lè rí ibi gbówó sí, tí á máa fún un ní èlé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, èló ló máa gbé síbẹ̀ lónìí kó tó di ₦100 mílíọ̀nù lọ́jọ́ yẹn? Kò ju nǹkan bíi ₦1.05 mílíọ̀nù lọ. Ilé tó máa padà wá, tí wọ́n ń fi lu ìlù lórí rédíò, bí ìlú bá wò ó lónìí, bí ẹni fún wọn ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni.

Owó ilẹ̀ ọdọọdún náà burú, torí iye kan náà ni wọ́n kọ síbẹ̀ láìyí padà. Bí ọjà bá ń wọ́n sí i ní ìdá 20 lọ́dún, ₦10 mílíọ̀nù á ra ohun tí ₦4 mílíọ̀nù ń rà lónìí tó bá fi máa di ọdún karùn-ún. Lọ́dún kẹwàá kò ní ju ohun tí ₦1.6 mílíọ̀nù ń rà lọ. Owó ṣọ́ọ̀bù tí ilé-iṣẹ́ náà máa gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ìyẹn á máa gòkè ní tiẹ̀. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Àwọn á máa fi kún tiwọn, ti ìlú á wà lójú kan?” Mi ò mọ ọ̀nà tí èèyàn tún lè gbà sọ ọ́ dáadáa jù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àpáta náà wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní owó àsansílẹ̀ àwọn gbọ́dọ̀ kéré, torí pé àpáta wà nílẹ̀, fífọ́ ọ á ná àwọn lówó gọbọi. Ní Abẹ́òkúta, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò ní rí ẹni bá a jiyàn, Olúmọ ń wo gbogbo wa. A ní kí wọ́n fi ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ hàn wá. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mú un wá. Igun kan ṣoṣo ni àpáta ti sún mọ́ òkè. Nígbà tí mo gbé pílánì ilé lé orí àwòrán ilẹ̀, ibi tí wọ́n fẹ́ kí mọ́tò máa gúnlẹ̀ sí gan-an ni igun yẹn bọ́ sí. Kò sí òpó ilé kankan tó máa wọlẹ̀ níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ohùn wọn ti yí padà nínú ìpàdé.

Gbogbo èyí dára, owó náà sì lè pọ̀ sí i fún ìjọba. Àmọ́ bí ìjọba bá gba owó tó pọ̀, ṣé ìyẹn ni pé ará ìlú jèrè? Ibi tí mo ti rí i pé ìbéèrè ẹgbẹ́ ọlọ́jà fúnra wọn kò tíì tọ́ nìyí, orí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló sì dúró lé: “àwọn tí orúkọ wọn wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀.”

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí orúkọ náà. Ìwé ńlá kan ni, tí ikán ti jẹ etí rẹ̀, tí wọ́n kọ púpọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pín ṣọ́ọ̀bù. Mo mú un rìn yí ọjà ká. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá nínú ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ẹni tó wà nínú ìwé. Ẹnì kejì náà kì í ṣe òun. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ ti kú. Àwọn mìíràn wà ní Èkó, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà níbẹ̀ ní ìlọ́po iye tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà. Àwọn aláta, oníṣu àti oníláfún tó ń tajà lábẹ́ agboòrùn, tí wọ́n ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà níbẹ̀. Bí àdéhùn náà bá dúró bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kì í tajà, òun á sì tà á fún ẹni tó lówó. Ẹni tó ń tajà á wà lójú títì.

Báwo la ṣe máa fi ìdí ẹni tó ń tajà múlẹ̀? Bí a bá ní kí gbogbo èèyàn wá forúkọ sílẹ̀, ìdajì Abẹ́òkúta á di ọlọ́jà lálẹ́ ọjọ́ kan. Alájọ ló gbà wá. Bàbá kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, tó ti ń gba àjọ nínú ọjà náà tipẹ́. Káàdì àjọ, ẹ mọ̀ ọ́n: orúkọ lókè, àpótí 31 nísàlẹ̀, ó ń fàlà sí ọ̀kan lójoojúmọ́ tí èèyàn bá dá, owó ọjọ́ kan nínú oṣù sì ni tirẹ̀. Lẹ́yìn káàdì kọ̀ọ̀kan ló máa ń kọ ibi tó ti ń bá ẹni náà: “ìdí igi mángòrò”, “ẹ̀gbẹ́ alápatà kejì”, “lẹ́yìn ìyá oníkókò”. Ó kó àwọn àtijọ́ jọ sínú páálí bàtà. Kò sí ìwé ìjọba kankan tó sọ òtítọ́ nípa ọjà náà bíi tàwọn káàdì yẹn, torí kò sí ẹni tó ń dá àjọ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

A kò kàn kó wọn. Bàbá ní òun ò lè fi owó oníbàárà òun han ẹnikẹ́ni, ó sì tọ̀nà. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé kó bi oníkáàdì kọ̀ọ̀kan bóyá ó gbà, kí a sì bo iye owó, kí ó ku orúkọ, ibi tó jókòó sí, àti oṣù tó ti ń dá a. Àwọn tó pọ̀ jù ló gbà. Nígbà tí a fi wọ́n ṣe ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìjọba ìbílẹ̀, ibi tí méjèèjì ti bára mu kéré débi pé lọ́yà bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ kan wá kù, ó sì le. Púpọ̀ nínú àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ tó pè mí ló ní ṣọ́ọ̀bù méjì mẹ́ta tí wọ́n ń gbà owó lórí ẹ̀. Ọlọ́jà ni wọ́n lóòótọ́, onílé sì ni wọ́n pẹ̀lú. Bí a bá yí gbólóhùn yẹn padà, àwọn ló máa kọ́kọ́ pàdánù. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, kí ẹnì kan má baà rò pé mo ń fi pamọ́ fún ẹnì kejì. Yàrá náà gbóná. Alàgbà kan ní owó ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń sanwó fún mi, kí ló dé tí mo fi ń bá àwọn aláta ṣiṣẹ́. Ìyálọ́jà náà ní ṣọ́ọ̀bù méjì. Ó dákẹ́ títí, ó wá bi mí pé, “Sọ̀fíyọ̀, bàbá oníbàtà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ṣé ó ní káàdì?”

“Ó ní, Màmá.”

“Kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀. Èyí tí mo ń jókòó sí fúnra mi, kọ tèmi síyẹn.”

Kì í ṣe gbogbo wọn ló tẹ̀ lé e. Àwọn mélòó kan bínú kúrò nínú ìpàdé, ọ̀kan nínú wọn sì lọ ń bá ilé-iṣẹ́ akọ́lé náà sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ ti ní ohun tí wọ́n ń béèrè.

Èyí tó kù ni ẹni tó máa gbọ́. A ti ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ ní Òkè Mọ́sàn, ìdáhùn kò wá. Kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là rárá. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin 1999 sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ń dá ọjà sílẹ̀, tó ń tọ́jú rẹ̀, tó sì ń ṣàkóso rẹ̀. Ilẹ̀ wà lọ́wọ́ gómìnà, ọjà wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àdéhùn náà kò sí àyè ìbuwọ́lùwé fún ìjọba ìbílẹ̀ rárá. Mo mú un lọ bá àwọn kánsẹ́lọ̀. Àánú ọlọ́jà kọ́ ló mú kí wọ́n dìde. Ohun tí mo fi hàn wọ́n ni iye owó tíkẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé fún wọn lójúmọ́, tó máa dópin lọ́jọ́ tí katapílà bá wọlé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lẹ́tà ti jáde lábẹ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ pé àwọn kò lọ́wọ́ sí àdéhùn náà. Ilé-iṣẹ́ akọ́lé náà kò lè fi ìwé tí ìjọba méjì ń jà lé lórí yáwó ní báǹkì. Wọ́n padà wá sí tábìlì.

Ohun tó wà nínú àdéhùn tuntun rèé. Wọ́n ya apá ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀ fún àtẹ tí kò ní ilẹ̀kùn, owó tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n á sì máa san níbẹ̀, láìsí owó àsansílẹ̀. Ìwé orúkọ tuntun dá lórí ẹni tí wọ́n bá lórí ìjókòó lọ́jọ́ kan náà, tí káàdì tàbí ẹlẹ́rìí méjì sì gbè é lẹ́yìn. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí ẹni tó bá ní àròyé wá sọ. Owó ilẹ̀ ọdọọdún di ìdá kan nínú owó ṣọ́ọ̀bù tó bá wọlé, kì í tún ṣe iye tó dúró sójú kan. Ilé-iṣẹ́ náà kò sì lọ lọ́wọ́ òfo: wọ́n gbà kí wọ́n sún owó àsansílẹ̀ wọn síwájú títí ṣọ́ọ̀bù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í mówó wọlé. Fún ẹni tó ń yáwó ní báǹkì Nàìjíríà, ìyẹn níye lórí ju ọdún márùn-ún míì lẹ́yìn ọdún 25 lọ, ìlú kò sì pàdánù púpọ̀ lórí ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dúnàádúrà, irú pàṣípààrọ̀ yẹn ni kó máa wá.

Ipa tí ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ yẹn kó hàn lẹ́yìn náà. Nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ ní ọdún 2023, gbogbo nǹkan gbówó lórí. Àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè gbé e jáde pé ọjà wọ́n sí i ní ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, bí a bá fi wé oṣù Kejìlá tó ṣáájú rẹ̀. Ká ní iye kan náà ló ṣì wà nínú ìwé, owó ìlú ì bá ti di owó gúgúrú.

Ibi tí àdéhùn náà ti já àwọn èèyàn kulẹ̀ ni ìgbà ìkọ́lé. Ibi tí wọ́n kó ọlọ́jà lọ fún ìgbà díẹ̀ wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó jìnnà sí ibi tí kẹ̀kẹ́ àti kọ́rópe ń dúró sí. Aláta rí tà díẹ̀, torí èèyàn ò lè ṣe kó má jẹ ata. Àwọn oníláfún kò rí tà, oníbàárà wọn gba Láfẹ́nwá àti Òmìdá lọ. Iṣẹ́ sì pẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n dá lọ dáadáa. Owó ìtanràn fún ìdádúró wà nínú ìwé lóòótọ́, wọ́n sì san án, ṣùgbọ́n àpò ìjọba ló wọ̀. Àwọn tó jókòó sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé náà, àwọn kan wà tí orúkọ wọn wà lára ògiri tí wọn kò padà wá mọ́, torí owó òwò ti tán.

Tí ẹ bá bi mí bóyá ará ìlú jèrè, mo máa ní àwọn tó lówó òwò tó lè dúró jèrè, ìjọba ìbílẹ̀ jèrè, ẹni tó ń lọ rajà náà jèrè, torí ilẹ̀ gbẹ, iná sì wà. Owó ìlú tó wọlé ju ti àdéhùn àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Àwọn tó rù ìnáwó tó wúwo jù ni àwọn tí agbára wọn kéré jù, kò sì sí ibi kankan nínú ìṣirò tèmi tàbí tìjọba tí èyí ti hàn. Bí mo bá tún rí irú iṣẹ́ yìí, owó tí ọlọ́jà máa pàdánù nígbà ìkọ́lé ni mo máa kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, ṣáájú iye ilẹ̀, owó ìtanràn á sì lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ ka orúkọ kí wọ́n tó kéde ohunkóhun lórí rédíò. Ó ti pẹ́ jù lẹ́yìn ìkéde. Ẹ béèrè ìwé àdéhùn náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe àkékúrú rẹ̀. Lásìkò tiwa, wọ́n sọ fún wa ní ọ́fíìsì pé òfin ọdún 2011 tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba kò kan ìpínlẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti yanjú ìyẹn ní oṣù Kẹrin ọdún 2025: ó kan gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé owó ìtọ́jú ilé. Òun ni wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ nínú ọjà yẹn báyìí, torí ó ń gòkè nítorí dísẹ̀lì, ìwé àdéhùn wa kò sì sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ yẹ ìwé ìnáwó wò. Nínú èyí tí mo ń bá àwọn kan ṣe lọ́wọ́ báyìí, mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni méjì láti inú àwọn tó ń tajà, ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan lórí àtẹ, á máa rí rìsíìtì dísẹ̀lì ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta kí owó náà tó kúrò níbi tó wà.